Àgbàlá, Ẹnu Ẹ̀rọ àti Ojú Títì: Ìrántí Ìgbà Èwe ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Ìlò Rẹ̀ fún Olùkọ́ Yorùbá

Ìfáàrà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan dárúkọ àwọn ẹ̀ka lítíréṣọ̀ alohùn tó jẹ mọ́ ọmọdé, kò ní pẹ́ tí yóò fi kà wọ́n tán: àlọ́ àpamọ̀, àlọ́ àpagbè, eré òṣùpá, orin rèmílẹ́kún, ìpolówó ọjà, ẹ̀fẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò sọ oríkì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láìṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi í pé níbo ni ọmọ ti ń gbọ́ wọn, ta ni ó ń sọ wọ́n fún un, kí ni ẹni náà sì ń fi ọwọ́ ṣe bí ó ti ń sọ ọ́, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ kò ju 'lábẹ́ igi, nínú òṣùpá, ní abúlé' lọ. Ẹni tó bá ti lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níbi ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ yóò mọ̀ pé báyìí gan-an ni àwọn ọmọ kíláàsì náà ṣe máa ń tún un sọ. Ọmọ tí a bí sí Òkè-Pópó, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ dàgbà sí Òkè-Pópó, ti gbà pé oko kan tí òun kò dé rí ni èdè òun ti wá.

A kò lè dá a lẹ́bi. Ogún Ọmọdé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1990 wà lára ìwé tó dára jù lọ tí a ní lórí ìgbà èwe, oko ni ìtàn inú rẹ̀ sì ti wáyé. Èkó kò tíì ní irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Èkó kì í ṣe àjèjì sí lítíréṣọ̀ Yorùbá rárá: inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ni I. B. Thomas ti kọ́kọ́ tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde láàárín 1929 sí 1930, ojú títì Èkó sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìgbé ayé ojoojúmọ́ ọmọdé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti nǹkan bí ọdún 1945 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ èdè tó péye. Pé ibi mẹ́ta, èyíinì ni àgbàlá, ẹnu ẹ̀rọ omi àti ojú títì, ni ilé-ẹ̀kọ́ náà dúró lé. Àti pé nígbà tí àwọn ibi wọ̀nyí tú ká ni èdè tí a ń sọ níbẹ̀ di ohun tí à ń há sórí fún ìdánwò. Nítorí náà, ìrántí àwọn àgbà tó dàgbà níbẹ̀ kọjá ìtàn 'ayé àtijọ́ dùn'. Ẹ̀rí ni, ó sì yẹ kí a gbà á sílẹ̀ bí ẹ̀rí.

Àgbàlá

Ìsàlẹ̀ Èkó ni apá tó dàgbà jù ní erékùṣù Èkó. Ìga Ìdúngànran, ààfin Ọba Èkó, wà láàárín rẹ̀, níbi tí ìtàn sọ pé Àrómirẹ́ ń gbin ata sí látijọ́. Ẹnu-Ọ̀wà, Òfìn, Ìdúmàgbò, Ìsàlẹ̀ Agbẹ̀dẹ àti Ẹ̀bútè-Èrò yí i ká. Ìga náà ni a ń pe ilé àwọn ìjòyè onífìlà funfun. Ilé àwọn ará ìlú yòókù sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá sín ní ilé kan ń gba 'pẹ̀lẹ́' láti ilé kejì. Bí a bá gba apá ìlà-oòrùn, a ó kan Pópò Àgùdà, ibùdó àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì àti Kúbà padà wálé. Bí a bá sì kọrí sí Ọlọ́wọ̀gbówó, a ti dé ọ̀dọ̀ àwọn Sàró.

Ilé alágbàlá ni púpọ̀ nínú àwọn ilé Ìsàlẹ̀ Èkó. Yàrá yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà kan sì ni gbogbo ará ilé ń gbà. Inú àgbàlá ni a ti ń dáná, ibẹ̀ ni a ti ń fọṣọ, ibẹ̀ ni a ti ń wẹ ọmọ, ibẹ̀ náà ni a ti ń sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọ ọmọ, àti àwọn ayálégbé tó ti pẹ́ débi pé àwa ọmọdé kò mọ̀ pé ayálégbé ni wọ́n.

Ọmọ kò gbọdọ̀ gba àgbàlá kọjá láàárọ̀ kí ó má kí àwọn tó bá níbẹ̀. Ìkíni náà kì í sì í ṣe oríṣi kan. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni tó ń pàtẹ ọjà ní tirẹ̀, abiyamọ tuntun ní tirẹ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní tirẹ̀. Bí ó bá bá àwọn obìnrin nídìí irun dídì, 'ojú gbooro' ni yóò sọ, wọn yóò sì dáhùn pé 'òòyà á yà'. Bí ó bá kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ bí ẹni tó ń ṣọdún, ẹnì kan yóò pè é padà, yóò sì kọ́ ọ ní èyí tó tọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìkíni wà lára ohun tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Òfìn ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí agogo ilé-ìwé tó lù.

Orúkọ pípè tún jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìyàwó ilé kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, ọmọ kan lè ní orúkọ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú àgbàlá kan ṣoṣo: Akọ̀wé lẹ́nu ìyàwó kan, Bàbá Kékeré lẹ́nu òmíràn, Ìbàdíàrán, Adúmáadán àti Ìdílẹ̀kẹ̀ sì ni ti àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ a máa mọ̀, láti inú orúkọ tí a fi pè é, ẹni tó ń pè é, ipò tí ẹni náà wà sí òun, àti bóyá iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rán òun tàbí wọ́n fẹ́ na òun. Bí wọ́n bá ti pe orúkọ tí bàbá sọ ọ́ gan-an, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ti àlọ́, òṣùpá kò pọn dandan ní Èkó. Fìtílà tàbí gílóòbù kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti tó. Láti ọdún 1935 ni ìjọba ti ń fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ inú ilé ní Èkó, inú àpótí kékeré kan lára ògiri ni ohùn náà ti ń jáde, àwọn àgbà sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Kí a má ṣe rò pé àpótí yìí ló pa àlọ́. Lẹ́yìn ìròyìn ni àlọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé gbogbo ilé ti péjọ sí ojú kan láti gbọ́ ìròyìn náà. Asọ̀rọ̀mágbèsì ń sọ tirẹ̀ láìgba èsì. Ìyá àgbà tó ń pàlọ́ kò lè sọ gbólóhùn méjì kí àwọn ọmọ má gbè é. Láàárín àwọn méjèèjì ni ọmọ ti ń gbọ́ Yorùbá tí a kọ sílẹ̀ kà àti Yorùbá tí a ń sọ lẹ́nu ní alẹ́ kan náà, yóò sì máa sín àwọn méjèèjì jẹ lọ́jọ́ kejì.

Nínú àgbàlá kan náà ni ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ti ń gbé. Lóṣù ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ajísààrì a máa lu wéré kiri àdúgbò láti jí àwọn ènìyàn, ọmọ onígbàgbọ́ a sì máa jí pẹ̀lú wọn. Inú wéré yìí ni fújì tí Síkírù Àyìndé Barrister sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ti jáde. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, àwọn Àgùdà a máa se fìréjọ̀n, ẹ̀wà tí a lọ̀ tí a sì fi omi àgbọn sè, abọ́ rẹ̀ a sì máa dé ilé àwọn aládùúgbò tí kò bá wọn ṣe ẹ̀sìn pọ̀.

Ẹnu ẹ̀rọ omi

Omi Ìjú bẹ̀rẹ̀ sí í dé Èkó ní àwọn ọdún 1910. Kí ó tó dé rárá, owó omi ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìjọba amúnisìn àti àwọn ará Èkó láti 1908, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ohun tí ọmọdé mọ̀. Ohun tí ọmọdé mọ̀ ni ẹ̀rọ tó wà ní ìkóríta, garawa tó tò lọ bẹẹrẹ, àti ìyá tó ń retí omi nílé.

Garawa ni a fi ń gba àyè. Ẹni tó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ lè lọ ṣeré òkòtó tàbí súwẹ̀, kí ó sì padà wá bá a lójú ìlà. Àmọ́, bí ó bá padà tí ẹlòmíràn ti ti garawa rẹ̀ sẹ́yìn, ẹnu ni yóò kọ́kọ́ fi jà. A gbà pé kò sí ibi tí a ti kọ́ ọgbọ́n ẹnu ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó ẹnu ẹ̀rọ. Èébú ibẹ̀ ní òfin tirẹ̀. Èébú alápèjúwe ni: ọmọ yóò fi orí ẹnìkejì wé nǹkan, ẹnìkejì yóò fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wé nǹkan mìíràn, àwọn tó dúró sí ìlà ni adájọ́, ẹni tí wọ́n bá sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín jù ni ó borí. A kì í kan ìyá, a kì í kan bàbá. Ẹni tó bá kàn wọ́n ti fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, ìjà ló kù, àgbàlagbà tó bá sì ń kọjá lọ, ìbáà má mọ òbí ọmọ náà, ní ẹ̀tọ́ láti bá a wí.

Ó yà wá lẹ́nu pé ìwé ìkọ́ni wa kì í sọ̀rọ̀ nípa èyí. Àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ wà ní ojú ewé kan, àpẹẹrẹ wọn sì ti di ogbó: ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọmọ ẹnu ẹ̀rọ kò jẹ́ lo àfiwé tí ẹlòmíràn ti lò lánàá. Wọn yóò hó lé e lórí.

Ojú títì

Nígbà tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Èkó ní 1957, ọdún méjì lẹ́yìn ti Ìwọ̀-Oòrùn, iye ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọjà kíkiri kò dúró. Bí ọmọ bá ti bọ́ aṣọ ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ ni yóò gbé igbá àkàrà, ẹ̀kọ, ẹ̀pà tàbí bàbá dúdú lérí, láti Jàǹkárà dé Ìdúmọ̀tà, láti Ìta Fájì dé ẹsẹ̀ afárá Kátà.

Ohùn ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pọ̀ ní Èkó, nítorí náà ọmọ ní láti fa ìparí gbólóhùn kí ó lè dé etí ẹni tó wà lókè, síbẹ̀ kí ó má ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́, torí bí ó bá bà á jẹ́, oníbàárà kò ní mọ ohun tí a ń tà. Ọ̀rọ̀ náà pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tó ń ta àgbàdo kì í polówó àgbàdo, láńgbé ni ó ń pè é. Bí oníbàárà bá jẹ́ arúgbó, ọmọ yóò yìn ín pé ọjà òun rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, yóò sọ pé ó dùn. Ìpolówó kan kì í bá gbogbo ojúlé mu.

Ìṣirò tún wà níbẹ̀. Ọ̀nínì, eépìnnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ni owó ìgbà náà. Kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè kan. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 tí náírà dé, kọ́bọ̀ kò yí orúkọ padà, àmọ́ 10 péré ló wá wà nínú ohun tí a ń pè ní ṣílè. Sísì di kọ́bọ̀ 5 tuntun. Tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀, kò sì sí owó ẹyọ tó bá a mu. Ọmọ tó ń kiri ní láti ṣe ìṣirò méjèèjì pọ̀ lórí ìdúró, nítorí ìyá arúgbó tó ń rajà kò gbà pé kọ́bọ̀ lè yàtọ̀ sí kọ́bọ̀. Títí di òní, a ń gbọ́ tọ́rọ́ àti sísì nínú òwe àti nínú àwàdà lẹ́nu àwọn tí kò rí i rí.

Ojú títì yìí kan náà ni ti eré. Àrìn, òkòtó àti bọ́ọ̀lù fún ọkùnrin, tẹ́ńtẹ́n àti súwẹ̀ fún obìnrin, ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú bá a sì lè dá bojúbojú sílẹ̀ láàárín ilé sí ilé. Nígbà ọdún Àjíǹde, kàrẹ́tà àwọn Àgùdà a máa jáde, a ó sì máa sá fún un, a ó tún máa tẹ̀ lé e. Ti Ẹ̀yọ̀ yàtọ̀. Adámú Òrìṣà kì í ṣe ọdọọdún. Láti ti 1854, tí wọ́n ṣe ní ìrántí Ọba Akítóyè, ìrántí ọba tàbí ènìyàn ńlá ni a fi ń pè é jáde. Ọmọ lè dàgbà kí ó má rí i ju ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ òfin rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ọmọbìnrin tó di ṣùkú yóò tú u, ẹni tó wọ bàtà yóò bọ́ ọ, nítorí ọ̀pámbàtà ọwọ́ Ẹ̀yọ̀ kò mọ ọmọdé. A mọ Adímù, Làbà, Oníkò, Ológẹ̀dẹ̀ àti Àgẹ̀rẹ̀ bí a ṣe mọ orúkọ ẹ̀gbọ́n wa, a sì mọ èyí tó ń ṣáájú. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa.

Ohun tí ìrántí máa ń fi pamọ́

Ẹni tó bá ń gba irú ìrántí yìí sílẹ̀ ní láti ṣọ́ra. Àgbà tí a bá bi léèrè ìgbà èwe rẹ̀ kò ní tètè dárúkọ agbépòó. Bẹ́ẹ̀, garawa ni ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ń lò, agbépòó sì ń wá gbé e lóru. Wolé-wolé a máa wá yẹ odù omi wò nítorí tanwíjí, ẹ̀rù rẹ̀ a sì máa ba àwọn ìyá ju ti ọlọ́pàá lọ. Àjàkálẹ̀ àrùn láti ara eku ti jà ní Èkó láti 1924, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè Èkó, tí a mọ̀ sí LEDB, sílẹ̀ ní 1928. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wà nínú àgbàlá tí wọ́n gbọ́ àlọ́ kan náà, tí wọ́n pọn omi púpọ̀ ju tiwa lọ, tí wọn kò sì rí ilé-ìwé lọ. Ìrántí tiwọn kò sí nínú ohun tí a sábà máa ń gbọ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn tó ṣì wà láyé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ bá.

Bí àgbàlá ṣe tú

Ní 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò wíwó àwọn ilé tí wọ́n pè ní ahẹrẹpẹ ní àárín gbùngbùn Èkó, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó éékà 70. LEDB kọ́ ilé sí Súúrùlérè fún àwọn tí wọ́n kó kúrò. Ilé náà mọ́, omi wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ sì wà. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n pín fún bàbá, ìyá àti ọmọ ni. Kò sí àyè fún ìyá àgbà, àbúrò bàbá àti opó ẹ̀gbọ́n. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ìdílé lẹ́nu wò ní àárín Èkó àti ní Súúrùlérè, ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, sì jáde ní 1961. Ó rí i pé ẹbí fọ́n ká, pé àwọn obìnrin pàdánù oníbàárà wọn, àti pé owó ọkọ̀ kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè máa lọ kí ara wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Afárá Kátà nìkan ló so erékùṣù náà mọ́ òkè nígbà náà, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ìyá rẹ̀ yóò wọ bọ́ọ̀sì.

Wíwó ilé náà kò parí bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀. Ohun tí ìjọba kò wó, òwò wó púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà: ilé ẹbí di ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí, àgbàlá di ibi tí a ń to páálí sí. A kò sọ pé kí a máa gbé inú àgbàlá tí kò ní omi. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn tó ṣe ìṣirò ilé náà ka yàrá, wọn kò ka ohùn. Ọmọ tó kó lọ sí Súúrùlérè ní ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àgbà méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dàgbà kí wọ́n tó kó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ogún.

Iṣẹ́ tó wà níwájú olùkọ́

Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí òfin tó sọ Yorùbá di dandan ní àwọn ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà. Òfin lè fi Yorùbá sí orí àtẹ àkókò iṣẹ́, àmọ́ olùkọ́ ni yóò mọ ohun tí yóò kọ́ ní ogójì ìṣẹ́jú rẹ̀.

Àbá wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá rán lọ sí erékùṣù Èkó kò nira. Ẹ má ṣe bi àgbà pé, 'Ẹ sọ fún wa nípa ìgbà èwe yín.' Ìyìn lásán ni yóò bá yín sọ. Ẹ ní kí wọ́n mú yín rìn, nínú ọ̀rọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ẹnu ẹ̀rọ: ta ni ó jókòó sí ibi wo, báwo ni wọ́n ṣe ń kí i, kí ni ó ń pè wọ́n? Ẹ ya àgbàlá náà sórí ìwé lójú wọn, kí wọ́n máa tún un ṣe. Ẹ óò rí i pé bí wọ́n bá ti rántí ibi tí ìyá àgbà ń gbé àpótí rẹ̀ sí, àlọ́ tí ó ń pa níbẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Ẹ béèrè agbépòó pẹ̀lú, ẹ béèrè ẹni tó ń pọn omi.

Fún ìpolówó ọjà, ẹ kó àwọn ọmọ kíláàsì lọ sí Ìdúmọ̀tà. Wọn yóò gbọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń tún ohùn kan náà sọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ìbáà jẹ́ arúgbó ló ń kọjá, ìbáà jẹ́ ọmọdé. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi wé ohun tí àgbà kan bá rántí pé òun ń pè nígbà tí òun ń kiri. Ìyàtọ̀ tí wọ́n bá rí láàárín méjèèjì ti tó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹni tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ní 1957 ti ń súnmọ́ ọgọ́rin ọdún. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà ní Òfìn, ní Òkè-Pópó àti ní Ìdúmàgbò, àwọn mìíràn sì ń ti Súúrùlérè wá kí ẹbí. Ọjọ́ Àìkú ló dára jù láti lọ bá wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, tí ohùn wọn sì lè wọ inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dáadáa.